Àpò gíráánì aláwọ̀ mèremère: bí ẹni tí kò mú píìnì kúróṣè rí ṣe lè hun ún

Báàgì kúróṣè (òwú tí a fi píìnì tí orí rẹ̀ tẹ̀ hun) àkọ́kọ́ tí mo hun lẹ́wà débi pé mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi gbé e. Mo gbé e lọ sọ́jà ní Kàbà, mo ra iṣu mẹ́ta sínú rẹ̀ pẹ̀lú ata díẹ̀. Kí n tó dé ìdí ọ̀kadà, okùn èjìká rẹ̀ ti fà, ìdí báàgì ti ń gbá mi lórúnkún, imú iṣu kan sì ti yọ jáde láàárín ojú ìsopọ̀. Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ pè mí: "Òkun o, ọmọ mi. Ṣé àpò lo gbé yìí ni, àbí àwọ̀n ẹja?"

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo tú okùn náà palẹ̀, mo wo ibi tó ti ṣẹ̀. Àwọn fídíò tí mo fi kọ́ṣẹ́ ń lo wákàtí kan lórí òdòdó àti àwọ̀, wọn a wá fi ìṣẹ́jú márùn-ún sáré sọ̀rọ̀ okùn. Bẹ́ẹ̀, okùn àti ojú ìsopọ̀ gan-an ni ẹrù ń fà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bá mi hun ún, ẹ fọkàn sí i pé àpò ni à ń ṣe. Ohun tó bá jẹ́ ẹwà nìkan, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Gíráánì ni a ń pe ègé onígun mẹ́rin kékeré tí wọ́n ń hun láti àárín bọ̀ síta, àwọ̀ kan lórí òmíràn. Ìlànà rẹ̀ ti jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn àgbẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà láti 1885. Pé ìwé àgbẹ̀ ló ti jáde ń dùn mọ́ mi, torí iṣẹ́ ẹni tí kì í fi nǹkan ṣòfò ni: òwú àjákù tí kò tó nǹkan kan ṣe á tó ìyípo kan. Tí ẹ bá mọ ègé kan hun, ẹ ti mọ báàgì hun; ègé 18 ni a ó tò pọ̀, mẹ́sàn-án níwájú, mẹ́sàn-án lẹ́yìn.

Òwú kì í sì í ṣe àjèjì sí wa ní ìhà Òkun, ìyẹn àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí. Láyé àtijọ́, àwọn ìyá wa ní Bùnú ló ń hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ́yẹ ìsìnkú àgbà. Ní Ògìdì-Ìjùmú, níbi tí wọ́n ti bí Nike Davies-Okundaye ní 1951, iṣẹ́ aṣọ híhun àti aró ni ó bá lọ́wọ́ àwọn ìyá tó tọ́ ọ dàgbà kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Kúróṣè yàtọ̀ sí òfì, kò ní igi, kò ní ọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n sùúrù kan náà ló ń béèrè. Àǹfààní rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ìsinsìnyí ni pé kò nílò iná. Ẹ lè hun ún nínú mọ́tò láti Ìsánlú dé Lọ́kọ́ja.

Ohun tí ẹ máa wá

Òwú acrylic ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kò wọ́n jù, ó ṣeé fọ̀, àwọ̀ rẹ̀ kì í tètè ṣá. Ẹ wá èyí tí kò nípọn jù tí kò sì tẹ́ẹ́rẹ́ jù; tí bébà bá wà lára rẹ̀, 100 g rẹ̀ yẹ kó gùn tó nǹkan bíi mítà 200. Ọ̀pọ̀ òwú tí a ń rí lọ́jà wa kò ní bébà kankan, ìdì lásán ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú. Ẹ mú rúlà, ẹ wé òwú náà mọ́ ọn lára, kí wọ́n fara kan ara wọn láìfún pọ̀, kí ẹ sì ka iye tó wọ inú 2.5 cm. Tó bá jẹ́ 8 sí 10, òwú wa nìyẹn. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti tẹ́ẹ́rẹ́; ẹ pa fọ́nrán méjì pọ̀ kí ẹ tún un wé. Bí mo ṣe ń lo òwú Brazilian wool tí wọ́n fi ń dirí nìyẹn, mo ń pa á pọ̀ ni.

Òwú bíi 300 g ni gbogbo rẹ̀: 200 g fún àwọ̀ òde, ìyẹn àwọ̀ tí yóò yí gbogbo ègé ká tí a ó sì fi ṣe okùn, pẹ̀lú àwọ̀ mẹ́rin mìíràn, 25 g fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ra àwọ̀ òde tán lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá padà lọ ra á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, búlùú tí wọ́n máa tà fún yín lè ṣàìbá ti àkọ́kọ́ mu, ojú yóò sì rí i.

Lórí àwọ̀, èyí tó bá wù yín ni, àfi ìkìlọ̀ méjì. Ẹ má fi funfun ṣe àwọ̀ òde. Ẹ mọ bí erùpẹ̀ pupa wa ṣe ń ṣe nígbà ọyẹ́. Ẹ má sì fi dúdú kọ́ṣẹ́, ẹ ò ní rí ojú òwú, pàápàá lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Èmi fẹ́ràn búlùú tó dúdú bí aró lóde, pẹ̀lú yẹ́lò, pupa, àwọ̀ ewé àti elésè àlùkò nínú.

Bí owó kò bá sí, ẹ tú súwẹ́tà àtijọ́. Àwọn ìyá Bùnú ti tú aṣọ pupa òkèèrè rí kí wọ́n tó rí òwú hun ìpò, ẹ ò ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ẹ wé òwú tí ẹ tú mọ́ ẹ̀yìn àga, ẹ so ó níbi mẹ́rin, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ fi kọ́. Bó bá gbẹ, wíwọ́ rẹ̀ á ti lọ.

Píìnì kúróṣè méjì: 5 mm fún àwọn ègé, 4 mm fún ẹnu báàgì àti okùn. Nọ́ńbà rẹ̀ máa ń wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá lọ sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta irun, tí ẹ béèrè píìnì kúróṣè, èyí tí wọ́n fi ń kúróṣè irun sórí ni wọ́n máa fún yín, èyí tó ní ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó ń pa lẹ́nu. Kì í ṣe òun. Tiwa kò ní ìlẹ̀kùn, orí rẹ̀ kàn tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja tí kò mú ni. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá kan tí ẹnu rẹ̀ kò mú kún un, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, téèpù tẹ́lọ̀, píìnì aláṣọ tí kì í dípẹtà, àti ọ̀pá kan aṣọ ànkàrá.

Ojú mẹ́rin péré ni ẹ máa kọ́

Ẹ mú píìnì lọ́wọ́ ọ̀tún bí ẹ ṣe ń mú bírò. Òwú wà lọ́wọ́ òsì, ó gba orí ìka ìfábẹ̀lá kọjá, ìka tó kù ń mú un kó má baà dẹ̀ jù. Ẹni tó ń lo òsì, kó yí gbogbo rẹ̀ padà bí ẹni ń wo dígí.

Ojóbó ni ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe é bí ìgbà tí ẹ fẹ́ so ewúrẹ́: ẹ ká òwú kọjá lórí ara rẹ̀, ẹ fa òwú gba inú ihò náà, ẹ ki píìnì bọ̀ ọ́, ẹ fà á mọ́ra. Kó má fún píìnì lọ́rùn. Ó yẹ kó lè rìn lọ rìn bọ̀.

Ẹ̀wọ̀n: ẹ fi òwú yí orí píìnì láti ẹ̀yìn wá síwájú, ẹ fà á gba inú ojú tó wà lórí píìnì. Ẹ̀wọ̀n kan nìyẹn. Nínú ìwé, ch ni wọ́n ń kọ.

Sílíìpù, tí wọ́n ń kọ sl st: ẹ ki píìnì bọ ibi tí wọ́n sọ, ẹ fi òwú yí i, ẹ fà á gba gbogbo ohun tó wà lórí píìnì lẹ́ẹ̀kan. Òun la fi ń so ìparí ìyípo mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Síńgù, sc: ẹ ki píìnì bọ ojú, ẹ fi òwú yí i, ẹ fà á jáde. Ojú méjì ti wà lórí píìnì. Ẹ tún fi òwú yí i, ẹ fà á gba méjèèjì. Síńgù kúrú, ó sì fún. Ojú akíkanjú nìyí, òun ni yóò ru iṣu.

Dọ́bù, dc: ẹ kọ́kọ́ fi òwú yí píìnì kí ẹ tó kì í bọ ibikíbi. Ẹ wá kì í bọ̀ ọ́, ẹ fi òwú yí i, ẹ fà á jáde: ojú mẹ́ta. Ẹ fi òwú yí i, ẹ fà á gba méjì: ó ku méjì. Ẹ tún fi òwú yí i, ẹ fà á gba méjì tó kù: ó ku ẹyọ kan. Dọ́bù ga ju síńgù lọ, òun ló sì pọ̀ jù nínú gíráánì.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí, torí ó ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ni mo lò. Ohun tí Amẹ́ríkà ń pè ní double, treble ni àwọn ará Bìrìtìkó ń pè é. Èyí tí Bìrìtìkó ń pè ní double, single ni lọ́dọ̀ Amẹ́ríkà. Nítorí náà bí ẹ bá ń tẹ̀ lé ìwé tàbí fídíò, ẹ wò ó bóyá single wà nínú rẹ̀. Tó bá wà, ti Amẹ́ríkà ni. Bí ẹ bá sì rí treble níbi gbogbo láìrí single kankan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ti Bìrìtìkó ni.

Ẹ fi ìrọ̀lẹ́ kan ṣeré. Ẹ ṣe ẹ̀wọ̀n 15, ẹ hun síńgù lórí rẹ̀ ní ìlà mẹ́rin, lẹ́yìn náà dọ́bù. Yóò wọ́, kò burú. Ẹ tú u, ẹ tún un hun. Kò sí ohun tó dà bí òwú tí a lè tú fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tó ń rán aṣọ kò ní irú àǹfààní yẹn tí sísọ́ọ̀sì bá ti kọjá.

Ègé gíráánì kan, ìyípo mẹ́rin

Píìnì 5 mm la ń lò. Dọ́bù mẹ́ta nínú ihò kan náà ni mo ń pè ní ìdì. Ẹ̀wọ̀n mẹ́ta tí ẹ bá fi bẹ̀rẹ̀ ìyípo dúró fún dọ́bù àkọ́kọ́, torí náà ìdì tó bá bẹ̀rẹ̀ ìyípo jẹ́ ẹ̀wọ̀n 3 àti dọ́bù 2.

Ìbẹ̀rẹ̀: ẹ ṣe ẹ̀wọ̀n 4, ẹ fi sílíìpù so èyí tó kẹ́yìn mọ́ àkọ́kọ́. Òrùka kékeré kan yóò jáde. Inú ihò òrùka ni ẹ ó máa ki píìnì bọ̀, ẹ má wá ojú ẹ̀wọ̀n kiri.

Ìyípo 1: ìdì kan nínú òrùka, ẹ̀wọ̀n 2, ìdì, ẹ̀wọ̀n 2, ìdì, ẹ̀wọ̀n 2, ìdì, ẹ̀wọ̀n 2. Ẹ fi sílíìpù so ó mọ́ orí ẹ̀wọ̀n mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀. Ìdì mẹ́rin ló wà, ihò ẹ̀wọ̀n méjì-méjì mẹ́rin náà sì ni igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ gé òwú, kó ṣẹ́kù bí 12 cm, ẹ fa ìrù náà gba inú ojú tó kẹ́yìn jáde.

Ìyípo 2, àwọ̀ tuntun: ẹ so ó mọ́ igun kan. Nínú igun yẹn: ìdì, ẹ̀wọ̀n 2, ìdì. Ẹ kọjá sí igun kejì, ohun kan náà: ìdì, ẹ̀wọ̀n 2, ìdì. Bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, ẹ fi sílíìpù pa á. Ìdì 8.

Ìyípo 3, àwọ̀ mìíràn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní igun tó yàtọ̀ sí ti ìṣáájú kí ibi ìsopọ̀ má baà tò lórí ara wọn: igun kọ̀ọ̀kan gba ìdì, ẹ̀wọ̀n 2, ìdì, àlàfo tó wà láàárín igun méjì gba ìdì kan. Ìdì 12.

Ìyípo 4, àwọ̀ òde: igun bíi ti tẹ́lẹ̀, àlàfo méjì ló wà láàárín igun báyìí, ìdì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdì 16.

Ọ̀pọ̀ ìlànà máa ń ní kí ẹ fi ẹ̀wọ̀n kan sáàárín ìdì àti ìdì. Fún bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó dára. Fún àpò, èmi kì í fi sí i: ihò á tóbi, kọ́kọ́rọ́ á yọ́ jáde.

Ìṣirò ni yóò gbà yín. 4, 8, 12, 16. Lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan, ẹ ka ìdì kí ẹ tó gé òwú. Tí ègé yín bá dà bí fìlà, tó ń ká sókè, ọwọ́ yín le jù tàbí ẹ gbàgbé ẹ̀wọ̀n igun. Tó bá ń ṣe wìrìwìrì létí bí ewé ẹ̀fọ́, ọwọ́ dẹ̀ jù tàbí ìdì kan ti lé. Tí igun bá jẹ́ mẹ́ta, mi ò ní í sọ̀rọ̀. Ó ti ṣe èmi náà rí, nígbà tí mò ń bá àbúrò mi fa ọ̀rọ̀ lórí ẹni tó máa pọnmi. Ẹ má máa fi ipá yí bí ọwọ́ yín ṣe ń hun padà. Píìnì ni kí ẹ pààrọ̀: ọwọ́ líle gba 5.5 mm, ọwọ́ dídẹ̀ gba 4.5 mm.

Ègé mi máa ń jẹ́ bíi 12 cm. Tí tiyín bá jẹ́ 11 tàbí 13, báàgì yín yóò kàn kéré tàbí tóbi díẹ̀ ni. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí méjìdínlógún bára mu. Ègé àkọ́kọ́ lè gbà yín ní wákàtí kan. Nígbà tí ẹ bá fi máa dé ìkẹwàá, ẹ ó máa hun ún bí ẹ ti ń gbọ́ rédíò.

Ọ̀rọ̀ ìrù òwú

Àwọ̀ mẹ́rin nínú ègé kan fi ìrù òwú mẹ́jọ sílẹ̀. Mẹ́jọ lọ́nà 18 jẹ́ 144. Mo mọ àwọn tó hun gbogbo ègé tán, tí wọ́n wo ìrù 144 yẹn, tí wọ́n sì dì wọ́n sínú nylon títí di òní. Ẹ má jẹ́ kó kó jọ. Bí ẹ bá so àwọ̀ tuntun, ẹ tẹ́ ìrù rẹ̀ àti ìrù àwọ̀ tó lọ sórí etí ìyípo, kí ẹ sì hun ìdì bíi méjì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Èyí tó bá kù, ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá gbé e gba ẹ̀yìn ìdì lọ sọ́tùn-ún, ẹ yí padà sósì, ẹ tún yí sọ́tùn-ún, kí ẹ tó gé e. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó. Òwú acrylic ń yọ̀, bí wọ́n bá fọ àpò lẹ́ẹ̀mejì yóò yọjú.

Nínà àti títò

Ẹ ya onígun mẹ́rin 12 cm (tàbí ìwọ̀n tiyín) sára páálí, ẹ fi nylon bò ó. Ẹ wọ́n omi sí ègé kí ó tutù díẹ̀, ẹ fi píìnì aláṣọ kan igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ igun àwòrán, ẹ fi sílẹ̀ níbòòji títí yóò fi gbẹ. Nígbà ọyẹ́, wákàtí díẹ̀ ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Acrylic jẹ́ ẹ̀yà rọ́bà, ooru ń yọ́ ọ. Á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí ewé tí wọ́n fi sómi gbígbóná, kò sì sí àtúnṣe fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì, mẹ́ta ní mẹ́ta, lọ́nà méjì. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ sì sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun. Ibi tí àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ bá kó jọ sí yóò hàn kedere, ẹ ó sì pààrọ̀ ègé méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ tọ́jú fọ́tò náà. Ọmọ ilé lè ṣí fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ sì tú wọn ká.

Síso ègé pọ̀

Ìlànà kan wà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gán ègé mọ́ ara wọn. Ó ń yá, kò sì hàn. Fún àpò, mo fẹ́ síńgù, torí bí òwú kan bá já lójú ìsopọ̀ síńgù, gbogbo rẹ̀ kì í tú lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ gbé ègé méjì dojú kọ ara wọn, iwájú inú, ẹ̀yìn òde. Pẹ̀lú píìnì 5 mm àti àwọ̀ òde, ẹ ki píìnì gba igun méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, síńgù kan; lẹ́yìn náà síńgù kan gba orí dọ́bù iwájú àti orí dọ́bù ẹ̀yìn tó bá a mu, gbogbo 12; ẹ parí sí igun kejì. Síńgù 14 ni ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ gba abẹ́ fọ́nrán méjèèjì tó wà lórí dọ́bù, kì í ṣe ẹyọ kan. Ibi tí mo ti kùnà nígbà iṣu nìyẹn: ẹyọ kan ni mo ń gbà, òun ló fi la ẹnu.

Ẹ má gé òwú bí ẹ bá dé òpin ègé. Ẹ mú ègé méjì tó kàn, kí ẹ máa bá ìlà lọ. Ẹ so gbogbo ìlà tó dábùú tán, kí ẹ tó so àwọn tó dúró. Níbi tí ìlà méjì ti pàdé, ẹ ṣe ẹ̀wọ̀n kan láti fò kọjá, ẹ fà á mọ́ra díẹ̀, kó má fi ihò sílẹ̀.

Bí ojú iwájú àti ẹ̀yìn bá ti pé, ẹ gbé wọn dojú kọ ara wọn, kí ẹ fi síńgù so ẹ̀gbẹ́ kan, ìdí, àti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní igun ìdí, síńgù mẹ́ta nínú igun kan náà kó má baà ká. Èmi máa ń hun síńgù ìdí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ yí i síta: báàgì ti jáde, nǹkan bíi 36 cm ní fífẹ̀ àti gíga.

Ẹnu báàgì àti okùn

Ẹ mú píìnì 4 mm báyìí. Píìnì tó kéré ń mú ojú fún pọ̀, ohun tí a fẹ́ níbí nìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ojú ìsopọ̀ ẹ̀gbẹ́, ẹ hun síńgù yí ẹnu ká: 42 níwájú, 42 lẹ́yìn, 84 lápapọ̀. Ìyípo mẹ́rin. Tí ẹnu bá ń ṣí bí agogo, ẹ dín síńgù kan kù ní ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí iwájú àti ẹ̀yìn dọ́gba.

Ní ìyípo karùn-ún la ti ń bí okùn: síńgù 10, ẹ̀wọ̀n 80, ẹ fo ojú 22, síńgù 10. Ojú iwájú parí. Ẹ ṣe ohun kan náà lẹ́yìn. Kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, ẹ rí i pé ẹ̀wọ̀n náà kò lọ́. Bó bá lọ́, okùn yín yóò lọ́ títí ayé.

Ìyípo 6 dé 9: síńgù yí ká, pẹ̀lú síńgù kan lórí ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan. Okùn ń nípọn sókè bí ẹ ti ń yí. Níbi tí okùn ti pàdé ẹnu báàgì, ẹ hun síńgù méjì pọ̀ di ẹyọ kan ní ìyípo 7 àti 9. Ó ń mú kí ibẹ̀ tẹ̀ dáadáa dípò kó ṣe gónńgó.

Okùn àkọ́kọ́ tí mo hun jẹ́ ìlà kúkúrú lórí ìlà kúkúrú bí àkàbà, ẹrù kàn ń fà á gùn ni. Èyí ń lọ gbọọrọ ní gígùn, kò rí ibi fà tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kò tíì tó. Ẹ so òwú mọ́ abẹ́ okùn, kí ẹ hun sílíìpù yí inú ihò okùn ká, lórí ẹ̀wọ̀n 80 àti ojú 22 tí ẹ fò. Sílíìpù kò ní gíga, kì í sì í fẹ́ fà. Ó dà bí ìjánu. Ẹ wá gé ànkàrá tó fẹ̀ ní 6 cm, ẹ ṣẹ́ ẹ sínú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí yóò fi kù díẹ̀ kó tó fífẹ̀ okùn, ẹ fi ọwọ́ rán an mọ́ abẹ́ okùn, kí ẹnu rẹ̀ wọnú báàgì bí 4 cm lápá kọ̀ọ̀kan. Ànkàrá ló ń gbé ẹrù láti ìgbà náà lọ, kúróṣè kàn ń wọ̀ ọ́ láṣọ ni.

Okùn ẹ̀wọ̀n 80 máa ń jẹ́ bíi 50 cm, èyí tó bọ́ sí èjìká ọ̀pọ̀ obìnrin. Bí ẹ bá ga, ẹ̀wọ̀n 90. Ẹ má gbàgbé pé yóò ṣì fà díẹ̀, torí náà kí ó kúrú díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ.

Aṣọ inú

Àwọn kan kì í fi aṣọ sínú. Wọn a máa wá bírò wọn nílẹ̀. Ẹ gé ànkàrá kan, 39 cm ní fífẹ̀, 73 cm ní gígùn, ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì, kí ẹ rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, 1.5 cm láti etí. Ẹ ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ ní 1.5 cm, ẹ kì í bọ inú báàgì láìyí i padà, kí ojú rírán kọjú sára kúróṣè. Ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú ìránṣọ gán an mọ́ ìsàlẹ̀ ìyípo síńgù àkọ́kọ́ ní ẹnu, kí ẹ fi ẹnu aṣọ inú bo ìdí ànkàrá okùn, kí ẹ rán wọn pọ̀.

Bí ẹ bá wò ó, aṣọ inú yìí kúrú ju kúróṣè lọ ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí ẹrù bá wọ inú àpò, aṣọ ló máa kọ́kọ́ le, kúróṣè á dẹ̀. Bó bá gùn ju kúróṣè lọ ni, yóò kàn ká jọ sísàlẹ̀, iṣu á sì padà wá bá ojú ìsopọ̀ jà. Ẹni tó bá ní àjákù aṣọ òkè nílé, kó lò ó dípò ànkàrá. Ó le, ó sì wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n báàgì tí mo fi ti ìyá mi ṣe nínú ṣì wà.

Ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ fún un láìlọ́ ọ, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní láti gbẹ. Ẹ má fi okùn rẹ̀ kọ́ ọ sórí wáyà nígbà tó tutù.

Ó ku ìdánwò. Ẹ wọn gígùn okùn méjèèjì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ki iṣu tó tó kílò mẹ́ta sínú rẹ̀, tàbí ike omi lítà kan mẹ́ta, kí ẹ fi kọ́ ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn di ọjọ́ kejì. Ní òwúrọ̀, ẹ kó o jáde, ẹ tún wọn okùn. Bó bá fi sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì gùn sí i, kò sí wàhálà. Bó bá ju mẹ́ta lọ, ẹ tú ànkàrá okùn, ẹ hun ìyípo sílíìpù kan sí i pẹ̀lú píìnì 4 mm, ẹ dá ànkàrá padà ní fífà díẹ̀, kí ẹ tún un fi kọ́. Tèmi kejì fà ní sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀. Mo gbé e padà lọ sí ìsọ̀ màmá èlùbọ́ yẹn, mo sì ra èlùbọ́ kóńgò méjì sínú rẹ̀.